Abẹ́rẹ́ Kẹta Ló Kan Bàbá

Hálífáàsì, Kánádà
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu ọsibítù, ẹ kú ewu ọ̀kadà, ẹ kú ewu ewúrẹ́ tó já lu yín lọ́nà Ìsẹ̀. Bùnmi fi àwòrán yín ránṣẹ́. Mo rí i pé ẹ ti ń dá jókòó, ó sì ní ẹ ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà lórí ata inú ọbẹ̀. Ìgbà yẹn lọkàn mi tó balẹ̀ pé ẹ̀yin náà ni.

Ẹ ní ẹ kò fẹ́ fóònù, pé ọ̀rọ̀ téèyàn bá fẹ́ kó dúró, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbà. Bí a ṣe sọ ọ́ náà ló máa rí: èmi á kọ, Bùnmi á tẹ̀ ẹ́ jáde ní kílíníìkì tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì n'Ìkẹ́rẹ́, awakọ̀ á gbé e wá fún yín ní Èmùré. Tiyín náà á gba ọ̀nà kan náà padà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà rèé. Lẹ́yìn tí ọ̀kadà yẹn gbé yín ṣubú, àwọn dókítà yọ ẹ̀yà ara kan lábẹ́ egungun ìhà òsì yín, nítorí ó ti fọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú. Wọ́n sọ fún yín pé èèyàn lè wà láàyè láìní in. Òótọ́ ni. Àmọ́ asẹ́ ni nǹkan yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun inú ara ti ń mú kòkòrò àìfojúrí. Ní báyìí tí kò sí mọ́, kòkòrò tó ń fa òtútù àyà lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín láàárọ̀, kó ti di wàhálà ńlá kí oòrùn tó wọ̀.

Ohun tó kù ni pé ká tètè kìlọ̀ fún ara. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tó máa fi àpẹẹrẹ kòkòrò náà han àwọn ọmọ ogun tó kù nínú ara yín, débi pé bó bá dé lọ́jọ́ kan, wọn ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi í léèrè orúkọ. Irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwádìí wa níbí nìyẹn. Eku la fi ń dán an wò.

Mo ti ní kí Bùnmi bá mi gba ọ̀kan láti Èkó. Ó máa wà nínú fíríìjì wọn kí oṣù yìí tó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbà á. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà àti Bàbá Ìró.

Ọmọ yín,
Mojírádé.


Èmùré-Èkìtì
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Igbe, 2024

Mojírádé ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àmì ohùn mẹ́sàn-án lo gbé sọnù nínú rẹ̀. Mo ti fi bírò pupa dá wọn padà sípò wọn, mo sì ti tọ́jú ìwé náà. Ṣé yìnyín ti gbà fún yín níbẹ̀ yẹn? Ṣé ò ń jẹun? Àwòrán tí Bùnmi fi hàn mí, ọrùn rẹ ti ń gùn jù.

Inú mi dùn láti sọ fún ọ pé a ti gba abẹ́rẹ́ náà. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni a wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Abọ́sẹ̀dé, Ìyá Àgbà yín. Bùnmi gbé kúlà jáde, ó ní kí n ká apá aṣọ mi sókè. Mo bi í bóyá kò rí àgbà tó jókòó ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ àti asẹ́ fún mi. Mo rán an létí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kẹrin, pé n kò sì kọ́ ọ kó fi àgbà sílẹ̀ kó bu oúnjẹ fún ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi ló gún abẹ́rẹ́ náà fún. Apá rẹ̀ wú díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ó ti jókòó ti ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó ń bó o.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú. Fara balẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, bí ẹyin kan bá wọlé, Abọ́sẹ̀dé ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìbíkúnlé, lẹ́yìn ìyẹn lèmi, bí ohunkóhun bá ṣẹ́ kù. Bàbá wa kò kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó pọ̀n mí lọ sí iléèwé lọ́jọ́ tí odò kún, ṣé kí n jókòó níwájú rẹ̀ kí n máa dá gba ohun rere? Mo sọ fún un pé ẹ̀bùn rẹ ni. Ó gbàdúrà fún ọ títí awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè.

Ní tèmi, má fòyà. Mo ní orógbó, mo ní ewúro, mo sì fa eruku ṣọ́ọ̀kì símú fún ọdún márùndínlógójì. Kòkòrò wo ló kù láyé yìí tí ara mi kò tíì bá pàdé? Inú mi dùn pé àwọn eku yín ń rí ìtọ́jú tó péye.

Bá mi wá awò ojú. Èyí tí mò ń lò ti họ.

Èmi ni bàbá rẹ,
A. Ládélé, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì.


Hálífáàsì
Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ bírò pupa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé yín. Lákọ̀ọ́kọ́ mo rẹ́rìn-ín, lẹ́ẹ̀kejì mo sunkún, lẹ́ẹ̀kẹta mo ń wá ẹni tí mo máa dá lẹ́bi, mi ò rí ẹlòmíràn ju ẹ̀yin lọ.

Bàbá, Ìyá Àgbà ní nǹkan tiwọn lábẹ́ egungun ìhà wọn lódindi. Ẹ̀yin lẹ kò ní. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn la wá ilẹ̀kùn fún, ẹ wá gbé e lọ fún ilé tó ti ní ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀, ẹ sì sùn sínú èyí tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mi ò sọ pé kí Ìyá Àgbà má rí tiwọn gbà. Ó dáa fún àgbàlagbà. Ohun tí mò ń sọ ni pé tiyín kò ṣeé dá dúró.

Mi ò bú orógbó, mi ò bú ewúro. Ẹ máa jẹ wọ́n. Àmọ́ wọn ò mọ kòkòrò yìí, wọn ò sì lè júwe rẹ̀ fún ara yín. Abẹ́rẹ́ ló lè ṣe ìyẹn.

Ẹ gbọ́ méjì yìí. Ìkíní, mo ti ní kí Bùnmi fún yín ní oògùn apakòkòrò kẹ́ ẹ tọ́jú sílé. Bí ara yín bá gbóná tàbí tí òtútù mú yín, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ lo ó lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Ẹ má dúró de àgbo. Ìkejì, abẹ́rẹ́ mìíràn ń bọ̀ ní oṣù kẹfà. Tiyín ni, tiyín nìkan ni.

Awò ojú wà lọ́wọ́ ọkùnrin ará Ìsẹ̀ kan tó ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà.

Mojírádé.


Èmùré-Èkìtì
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Agẹmọ, 2024

Mojírádé ọmọ mi,

O ti máa rò pé mo kú. N kò kú. Òjò ló ba ọ̀nà jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ ilé ló sì gba ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n mi Ìbíkúnlé, Bàbá Ìró yín, gbọ́ níbi tó wà lóko ní Ìró pé Abọ́sẹ̀dé ti gba abẹ́rẹ́ láti Kánádà. N kò mọ ẹni tó sọ fún un, ṣùgbọ́n kò sí ìjókòó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tí Abọ́sẹ̀dé kò tíì fi apá yẹn hàn. Ìbíkúnlé ránṣẹ́ sí mi, ó ní ṣé òun ti kú ni, tí a fi ń pín nǹkan ilé láìpe òun. Kò pẹ́, òun fúnra rẹ̀ dé. Ó gbé iṣu mẹ́ta wá, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi fún ọjọ́ méjì gbáko, kò sì mẹ́nu ba abẹ́rẹ́ rárá. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Bó bá bínú, kì í sọ̀rọ̀, yóò kàn máa yin ọbẹ̀ rẹ.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé e lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Bùnmi rí wa, ó bú sẹ́kún. Mo sọ fún un pé kò yẹ kí nọ́ọ̀sì máa sunkún nínú aṣọ iṣẹ́. Ó gún un fún un. Ìbíkúnlé jáde sí ìta, ó ní ọbẹ̀ mi ti níyọ̀ jù láti ọjọ́ yìí. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ti rọ̀.

Wàyí o, gbọ́. Àwọn méjì tó ṣáájú mi ti gbà. Èmi ló kàn. Kò sí ẹni tó tún lè bá mi du ipò mi. Bí o bá ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá pa pọ̀ bí ọmọ tó mọ ilé rẹ̀, à bá ti parí ọ̀rọ̀ yìí láti oṣù Igbe, ṣùgbọ́n n kò bá ọ wí.

Awò ojú dé. Ó dára púpọ̀. Mo ti wá rí àṣìṣe mẹ́rin mìíràn nínú ìwé rẹ àkọ́kọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè iṣẹ́ rẹ lọ́wọ́ mi, mo sì sọ fún wọn pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ọ́, pé ìwọ lò ń pàṣẹ fún ọmọ ogun inú ara eku. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ǹjẹ́ àwọn eku náà mọ ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn? Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, n kò rò pé oògùn yín lè ṣe wọ́n ní oore kan tó tọ́jọ́.

Bàbá rẹ,
A. Ládélé.


Hálífáàsì
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, 2024

Bàbá mi,

Mi ò ní kí yín gùn lónìí. Ẹ má bínú.

Abẹ́rẹ́ kẹta ti kúrò l'Ékòó. Mo ti sọ fún Bùnmi pé bí apá mìíràn yàtọ̀ sí tiyín bá yọjú, kó dá a padà sínú fíríìjì, kó ti í, kó sì gbé kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó ní òun ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ tíṣà òun. Mo ní kó gbìyànjú.

Ẹ ti sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé mò ń pàṣẹ fún ọmọ ogun. Bàbá, irọ́ ni mo pa fún yín. Àgò eku ni mò ń fọ̀. Mo ń fún wọn lómi, mo ń pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń sùn lé. Àwọn tó kàwé nípa iṣẹ́ yẹn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bí a bá sì pàdé lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á kí mi dáadáa.

Àmọ́ èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀. Àwọn eku tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ kìlọ̀ fún ara wọn ṣáájú, mo máa ń bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sáré kiri. Àwọn tí wọn ò kìlọ̀ fún wà nínú àgò kejì. Wọ́n á ti jẹun dáadáa lálẹ́ àná, ara wọn á sì máa dán. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń kó òkú wọn láàárọ̀? Èmi ni. Mo ń fi ọwọ́ mi méjèèjì kó wọn, mo sì ń rántí yín, ojú sì ń tì mí láti sọ fún ẹnikẹ́ni níbí pé bàbá mi ni mò ń sunkún lé lórí láàárín eku.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà.

Mojírádé.


Èmùré-Èkìtì
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, 2024

Mojírádé, ọmọ mi àtàtà,

Mo ka ìwé rẹ, n kò sì fi bírò pupa kàn án.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í ṣe ohun ìtìjú. Irọ́ pípa ni mo kọ́ ọ pé ó jẹ́ ìtìjú. Bó ti wù kó rí, mo ti dárí rẹ̀ jì ọ́, nítorí mo mọ ẹni tí ò ń pa á fún. N kò ní tún un sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà dùn mọ́ wọn nínú. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ìwọ nìkan lò ń kó òkú nǹkan láràárọ̀ ní ilẹ̀ àjèjì, tí n kò sì mọ̀. Máa wẹ ọwọ́ rẹ dáadáa.

Bùnmi ránṣẹ́ pé tèmi ti dé. Mo fẹ́ lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n kòkó wà lórí ẹní. Òjò ń ṣú lójoojúmọ́, bí n kò bá sì yí i, yóò bu. Ọjọ́ Ajé ni màá lọ. Mo ti yọ aṣọ tí mo máa wọ̀ sọ́tọ̀, èyí tí apá rẹ̀ rọrùn láti ká sókè.

Òtútù díẹ̀ mú mi láti ìrọ̀lẹ́ àná. Mo ti mu àgbo dóńgóyárò, mo sì ti da aṣọ bo ara. Ní ti oògùn tí Bùnmi fún mi pamọ́, ikọ́ ń dààmú Ìbíkúnlé nígbà tó wà níbí, mo kó o fún un. Ó ní ó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n díẹ̀ ló jẹ́ kí ìwé yìí rí wúruwùru. Má fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Bàbá rẹ.


Hálífáàsì
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi,

Ìwé yín ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Òtútù wo? Láti ìrọ̀lẹ́ wo?

Mo ti pe Bùnmi. Ó ní bí òun ṣe ka ìwé yín lọ́wọ́ awakọ̀, òun ò tiẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí òun tó gun ọ̀kadà, pé òun ti kọjá Ìsẹ̀. Bó bá dé, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ má sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ìwé kẹrin. Ẹ kàn tẹ̀ lé e.

Mojírádé.


Èmùré-Èkìtì
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, 2024

Mojírádé, ọmọ àbúrò mi,

Èmi Abọ́sẹ̀dé ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Bùnmi ló ń kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe wí i.

Ó ti sọ fún ọ lórí fóònù pé bàbá rẹ yè. Ohun tí fóònù kò sọ ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí Bùnmi wọ ulé, bàbá rẹ ń pe orúkọ àwọn ọmọ iléèwé tí kò sí níbẹ̀, ó ń bínú pé wọn kò dáhùn. A gbé e lọ sí Adó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi mọ̀ mí. Ọmọ uka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ méjì dúdú bí èédú, wọ́n sì gé wọn. Ó ti ń jókòó báyìí, ó ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Oko kòkó ti tán fún un lọ́dún yìí, bóyá títí láé.

Níbi tí a jókòó sí lọ́hùn-ún ni Bùnmi ti kó gbogbo uwé yín jáde, tó kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí, ọmọ mi. Ṣé oògùn àbúrò mi ló wà lápá mi? Ó sọ fún mi pé ẹ̀bùn ni. Mo gbà á, mo gbàdúrà lé e, mo ń fi apá hàn káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà, mo jẹ oúnjẹ ẹnu rẹ̀, n kò sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Uwé mẹ́ta lo kọ wá sí ulé yìí kí nǹkan tó bàjẹ́. Ta lo kọ wọ́n sí? Àbíkẹ́yìn. Èmi tí mo jẹ́ àgbà, ìsàlẹ̀ uwé lo ti ń kí mi, bí ẹni ń kí aládùúgbò. Ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹnu àbíkẹ́yìn gbọ́ ọ̀rọ̀ ulé? O ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ fún un, o ṣàlàyé asẹ́, o ṣàlàyé eku. Gbogbo rẹ̀ ló yé e, tíṣà ni. Ó kàn ń dúró de ẹni tó máa sọ fún un pé kó kọjá síwájú ni. Àwa tó lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ ká mọ̀ pé ó yẹ ká sọ ọ́.

Ká ní o kọ ọ́ sí mi pé, “Ìyá Àgbà, ẹ̀mí àbúrò yín wà nínú abẹ́rẹ́ yìí,” ǹjẹ́ ó tó bẹ́ẹ̀ kó dúró níwájú mi kó ní òun kò gbà? Ọgọ́rin ọdún ni mí. Gòkè, orúkọ ìgbà èwe rẹ̀, ni mo ṣì ń pè é.

Máa bínú sí mi bó o bá fẹ́. Èmi náà ń bínú sí ọ.

Abọ́sẹ̀dé.


Hálífáàsì
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, 2024

Ìyá Àgbà,

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ẹ má bínú. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìdúrótì, ẹ kú àìsùn Adó.

Ẹjọ́ mi ni. Níbí, ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ni wọ́n ń bá sọ ọ̀rọ̀ àìsàn rẹ̀, òun nìkan, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Mo ti wà níbí ọdún mẹ́fà, mo ti ń rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Mo wá gbàgbé ilé tí mo ti jáde. Nígbàkígbà tí mo bá rántí ìka ẹsẹ̀ méjì yẹn, mi ò lè jẹun.

Ìyá Àgbà, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ẹ̀yin ni mo sì kọ ọ́ sí. Abẹ́rẹ́ kẹta ṣì wà nínú fíríìjì n'Ìkẹ́rẹ́. Dókítà ní kí Bàbá gbà á ní kété tí ara wọn bá ti le, nítorí ewu náà kò tíì lọ. Bí èyí ṣe wá yẹn, òmíràn lè wá. Bùnmi sì ní Bàbá tún ti ń ṣírò nǹkan. Wọ́n ní ìyàwó Bàbá Ìró ti wà nílé ọkọ kí àwọn tó bọ́ nídìí ìwé kẹfà, pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n àwọn ni, pé kò dáa kí àwọn fo obìnrin náà dá.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀mí àbúrò yín wà nínú abẹ́rẹ́ yìí. Ẹ bá mi sọ fún wọn.

Ọmọ yín,
Mojírádé.


Èmùré-Èkìtì
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹwàá, 2024

Mojírádé,

Uwé rẹ dé. O kúnlẹ̀ dáadáa, mo ti dárí jì ọ́. Dìde, kó o lọ jẹun.

Àná ni Bùnmi gbé kúlà rẹ̀ wá sí ulé. Bàbá rẹ ti múra àlàyé sílẹ̀, ó tilẹ̀ ti kọ ọ́ sórí uwé, ojú uwé méjì. N kò jẹ́ kó kà á. Mo ní, “Gòkè, ká apá aṣọ rẹ sókè.”

Ó ká a sókè. Bùnmi gún un, ó sì parí.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́.

Abọ́sẹ̀dé.